Mo kó láti Texas wá sí Maryland, wọ́n ní káúńtì á máa yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò. Kí lẹ fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ tiyín?

Ìyá Ìbejì béèrè pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kọ́ ọmọ yín nílé. Ọmọ mẹ́ta ni mo ń kọ́. Àgbà wọn wà ní kíláàsì kẹjọ, àwọn ìbejì wà ní ìkẹta. Nígbà tí a wà ní Houston, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè nǹkan kan. A ra ìwé, a jókòó tì í, a ṣe é, ó parí. A wá kó dé Maryland, wọ́n ní káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, á máa yẹ iṣẹ́ wọn wò. Bàbá wọn bá san owó ọdún kan fún áàpù tó ń ṣètò ẹ̀kọ́. Odindi òpin ọ̀sẹ̀ ni mo fi jókòó, tí mo ń tẹ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sínú rẹ̀ títí dé ìsinmi Kérésìmesì. Kò pẹ́ sígbà náà ni ibà gbé Táíwò dè, iṣẹ́ dúró, ni ojú áàpù bá pupa fòò látòkè délẹ̀: èyí ti pẹ́, èyí ti pẹ́. Mo ní n óò padà sídìí ìwé àjákọ mi. Bàbá wọn ní owó òun ò gbọdọ̀ ṣòfò. Ẹ dákun, kí lẹ̀yin fi ń ṣe é? Ṣé dandan ni áàpù yìí ni?

*

Olùkọ́ Inú Ilé:

Ẹ káàbọ̀ sí Maryland, Ìyá Ìbejì. Ará ibí lèmi náà, èmi àtàwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò sì ti jókòó ti ara wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Áàpù kì í ṣe dandan. Ẹ gbọ́ ohun tó jẹ́ dandan: kí ẹ fi tó káúńtì létí, ó kéré tán ní ọjọ́ 15 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa kọ́ wọn déédéé ní Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, iṣẹ́ ọnà, orin, ìlera àti eré ìdárayá, kí ẹ sì kó ẹ̀rí iṣẹ́ jọ sínú ohun tí wọ́n ń pè ní portfolio. Ìwé tí ẹ fi kọ́ wọn, ìwé tí wọ́n kà, ohun tí wọ́n kọ, ohun tí wọ́n yà, ìdánwò tí wọ́n ṣe. Káúńtì lè yẹ̀ ẹ́ wò, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́dún kan. Òfin náà ò dárúkọ iye wákàtí, kò dárúkọ iye ọjọ́.

Ẹ tún un kà. Ohun tó ti kọjá ni gbogbo rẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí ẹ sọ ohun tí Táíwò máa ṣe ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá. Áàpù yín ń béèrè ohun tẹ́nìkan ò mọ̀, káúńtì ń béèrè ohun tó ṣojú yín. Èmi kì í kọ ètò tó ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ sílẹ̀. Ohun tí a bá ṣe ni mò ń kọ, mo sì ń kọ ọ́ lọ́jọ́ tí a ṣe é.

Google Sheets ni mo ń lò, ìwé onílà àti òpó orí kọ̀ǹpútà ni, ọ̀fẹ́ ni. Fáìlì kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọ, fún odindi ọdún. Ohun márùn-ún ni mò ń kọ síbẹ̀: ọjọ́, ọmọ, ẹ̀kọ́, ohun tó ṣe, ibi tí ẹ̀rí wà. Kí n fi orúkọ ọmọ yín ṣe àpẹẹrẹ:

14 Oṣù Kẹwàá | Kẹ́hìndé | Ìṣirò | Ìdá, ojú ìwé 61 sí 63. Ó gba 17 nínú 20. Bí ìsàlẹ̀ ìdá méjì bá yàtọ̀ síra, ó ṣì ń rú u lójú. | Fáìlì pupa

Ibi tí ẹ̀rí wà yẹn ni ẹ má fò. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ pé ó wà nínú fáìlì pupa, ẹ̀rí ọkàn yín ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn títí ẹ óò fi lọ fi í síbẹ̀. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá tó, ẹ ní kí Google Sheets fi ti Kẹ́hìndé nìkan hàn, kó to o ní ẹ̀kọ́ ẹ̀kọ́, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde.

*

Olùkọ́ Inú Ilé:

Mo ti ka èsì gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n kó wọn jọ kí n tó bá yín jà.

Àwọn kan ní ìwé àjákọ ti tó, pé òun làwọn olùkọ́ wa nílé lò. Àwọn kan ní àtìgbà táwọn ti ń lo áàpù Homeschool Planet lọkàn àwọn ti balẹ̀. Àwọn kan, ohùn wọn ló sì ròkè jù, ní kí ẹ má fi ohunkóhun han ìjọba, ọmọ yín ni.

Ẹ̀yin tó kẹ́yìn yìí, ti Texas lẹ̀ ń sọ. Lọ́dún 1994 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ìpínlẹ̀ náà fìdí ẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Leeper pé ilé tí òbí ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lè kà sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Kí ó ṣáà ti fi ìwé gidi kọ́ ọmọ náà ní kíkà, sípẹ́lì, gírámà, ìṣirò àti bí a ṣe ń jẹ́ ọmọ ìlú rere. Kò sẹ́ni tó ń béèrè fáìlì. Ó dùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè jókòó sí Maryland kó máa pa òfin Houston mọ́.

Ìwé àjákọ ò burú, mo ní ìyá kan ládùúgbò tó ń fi ṣe é, ilé rẹ̀ sì tò ju tèmi lọ. Ibi tó ti ń dunni ni ìgbà tí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bá ní, "Orin ńkọ́?" Ẹ óò máa ṣí ìwé láti oṣù Kẹsàn-án, ẹ óò máa fi ìka tọ ìlà, ọmọ á máa wo yín lójú. Kọ̀ǹpútà á ṣà á jọ fún yín kí ẹni náà tó ti bírò rẹ̀ ní ìdérí.

Ní ti Homeschool Planet, mi ò bá a jà. Ó ń ta ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń lo ìwé tó bá a mu á bọ́ lọ́wọ́ títẹ̀. Bí ẹ bá pa ọjọ́ jẹ, ó lè ti iṣẹ́ síwájú fún yín. Scholaric, áàpù mìíràn, náà ń tì í. Ẹjọ́ tí mo ní ni pé ọmọ mẹ́ta, ẹ̀kọ́ mẹ́jọ, ibà kan ṣoṣo: ta ni yóò jókòó máa pinnu èyí tí a ó tì àti èyí tí a ó pa rẹ́? Ìyá kan náà tó ń wẹ ọmọ tó ní ibà ni.

*

Olùkọ́ Inú Ilé:

Ẹni tó kọ̀wé láti Brooklyn ní ẹ̀yin ará Maryland ń jayé, pé bí òun ò bá ní ètò sílẹ̀, ìwé àṣẹ á dé bá òun. Òdodo ọ̀rọ̀. New York le. Lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ àdúgbò kó tó di ọjọ́ 1 oṣù Keje. Lẹ́yìn ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní IHIP. Lẹ́yìn ìyẹn ìjábọ̀ mẹ́rin lọ́dún, wákàtí 900 fún kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, 990 fún ìkeje dé ìkejìlá. Bí sáà kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì parí tí iṣẹ́ tí ẹ ṣe nínú ẹ̀kọ́ kan ò tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ ní ẹ máa ṣe, ẹ ó kọ̀wé ṣàlàyé. Nítorí náà ní New York, ètò di ọ̀rọ̀ òfin, mo ká ọ̀rọ̀ mi kò níbẹ̀.

Mi ò ká a kò tán ṣá. Ètò ni wọ́n béèrè, wọn ò béèrè déètì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún iṣẹ́ ìṣirò sáà náà ní nọ́ńbà, 1 dé 40, kẹ́ ẹ fi mọ bẹ́ẹ̀. Bí ibà bá dé, iṣẹ́ 16 ò pẹ́, ó kàn ń dúró dè yín níwájú iṣẹ́ 17 ni. Bí sáà bá parí tí ẹ wà ní 34, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni lálàyé. Bí ẹ bá wà ní 31, ẹ gbé gègé.

Àwọn áàpù tó gbà yín láyè láti to iṣẹ́ láìfi déètì sí i wà. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè èyí kẹ́ ẹ tó béèrè àwọ̀.

Ará Pennsylvania tó ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, tiyín ló ti èmi lẹ́yìn jù. Òfin yín ti 1988 ní kí àkọsílẹ̀ jẹ́ èyí tí a kọ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ, kó sì dárúkọ ìwé tí ọmọ kà. Ẹni tó bá dúró di oṣù Karùn-ún kó tó kọ ti oṣù Kẹsàn-án, ìtàn àròsọ ló ń kọ.

*

Olùkọ́ Inú Ilé:

Bàbá kan láti Atlanta bi wá pé: bí ọmọ òun bá bá ìyá àgbà dín àkàrà, ṣé ó wọ inú wákàtí? Ìbéèrè yìí ti da ìdílé rú rí.

Georgia, ìpínlẹ̀ tí Atlanta wà, fẹ́ ọjọ́ 180, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lójúmọ́. Ọmọ tó ń ṣírò bí òun ṣe máa sọ èlò àkàrà èèyàn mẹ́fà di ti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìṣirò ló ń ṣe, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó ń jẹ àkàrà, oúnjẹ ló ń jẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo le jù, pé ilé ayé gbogbo ni ẹ̀kọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ẹ kọ bá ti ń ti ẹ̀yin fúnra yín lójú, ẹ pa á rẹ́.

Bàbá, fọ́múlà kan wà nínú Google Sheets tó ń jẹ́ COUNTUNIQUEIFS. Ẹ nà án sí ibi tí ẹ kọ ọjọ́ sí, ẹ fún un lórúkọ ọmọ, á sọ iye ọjọ́ tí ọmọ náà ti ṣiṣẹ́, bó ti wù kí ìlà ọjọ́ kan pọ̀ tó. Ẹ fi sókè níbi tẹ́ ẹ ti máa rí i. Ìwé ìkéde yín tí ẹ ń fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ń bẹ lọ́tọ̀. Ìjábọ̀ ìlọsíwájú ọdọọdún náà lọ́tọ̀, ọdún mẹ́ta ni kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé. Ìdánwò ọlọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta láti ìparí kíláàsì kẹta náà lọ́tọ̀. Wọn ò ní kẹ́ ẹ fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ má ránṣẹ́.

Ìyẹn mú mi dé orí ẹ̀yin ará Maryland tí ẹ ń ka wákàtí. Ta ló rán yín? Ẹ̀ ń fa ìlà tí kò sẹ́ni tó béèrè, ẹ̀ ń kó o lọ síwájú ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò, bó bá di ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹni náà á ní wákàtí tiyín dà.

*

Olùkọ́ Inú Ilé:

Àǹtí nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, mo rí tiyín. Ẹ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lẹ̀ ń wọlé, aago méjì ọ̀sán lẹ̀ ń jí, ta ni yóò wá máa tẹ nǹkan sí kọ̀ǹpútà?

Àwọn ọmọ ni. Ẹ ṣe Google Forms kan tó kúrú: orúkọ rẹ, ẹ̀kọ́ wo, kí lo ṣe, ibo lo fi í sí. Ẹ so ó mọ́ Sheets, kẹ́ ẹ fi ojúlé rẹ̀ sójú fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì ilé. Bí ọmọ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó bọ́ sínú àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, ọjọ́ àti aago á sì lẹ̀ mọ́ ọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́. Bí ọmọ ò bá tíì pé ọdún 13, kò lè dá ṣí àkáǹtì Google tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin lẹ ó ṣí i fún un. Ẹ má ṣe wàhálà yẹn. Ẹ tò ó kí fọ́ọ̀mù náà má béèrè pé kéèyàn wọlé, ó ti tán.

Aago yẹn ló máa ń tú àṣírí. Ẹni tó ní òun fi wákàtí kan àbọ̀ ka sáyẹ́ǹsì, tí fọ́ọ̀mù sáyẹ́ǹsì àti ti ìtàn sì dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta síra wọn, ẹ jọ ní ọ̀rọ̀ láti sọ nídìí oúnjẹ alẹ́. Àwọn kan kọ̀wé pé èyí ń sọ ọmọ di akọ̀wé ara rẹ̀ kó tó mọ ẹ̀kọ́. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó lè sọ ní gbólóhùn kan ohun tó ṣe lónìí ti ṣe ìdajì iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

*

Olùkọ́ Inú Ilé:

Ọ̀rọ̀ ti yà bàrá díẹ̀ sórí èdè Yorùbá, mi ò sì bínú. Ẹnìkan ní òun ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí òun máa kọ ọ́ sí.

Fún àwọn kékeré, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ìwé kíkà tàbí ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Oríkì, àlọ́, kíka àmì ohùn, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé. Fún ẹni tó ti ń sún mọ́ kíláàsì kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Níbẹ̀, èdè àjèjì ń di kírẹ́díìtì (òǹkà ẹ̀kọ́ tí ọmọ parí ní girama), òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń lò ni wákàtí 120 sí kírẹ́díìtì kan. Níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ ka wákàtí, àní ní Maryland, torí yunifásítì á rí i. Ẹ sì wá ẹ̀rí tí kò ti ẹnu yín jáde: Yorùbá wà lára èdè tí ìdánwò Avant STAMP WS ń gbà. Kíkọ àti sísọ ló ń dán wò. Ọmọ tó ń gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tí kì í dáhùn ní Yorùbá, ẹ ti mọ ibi tí ìṣòro wà.

Ibí yìí náà ni mo ti rí iṣẹ́ fún owó bàbá àwọn ìbejì. Ìyá Ìbejì, ẹ má fagi lé áàpù yẹn. Ẹ pa iṣẹ́ àwọn ìbejì rẹ́ kúrò nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi àgbà sílẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ óò nílò ohun tó ń ṣírò máàkì: ìdánwò ìdá mélòó, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ìdá mélòó, A tàbí B, kí gbogbo rẹ̀ sì di GPA, ìpíndọ́gba máàkì, lórí 4.0. Kéèyàn fọwọ́ ṣe é fún ọdún mẹ́rin, ó ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n ojú á máa ro ni. Nígbà tó bá fẹ́ wọ yunifásítì nípasẹ̀ Common App, fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbà, ẹ̀yin òbí lẹ ó ṣe iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin lẹ ó fi transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ àti máàkì rẹ̀, ránṣẹ́. Ẹ wò ó bóyá áàpù náà lè tẹ transcript jáde lójú ewé kan. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ bá mi kí bàbá wọn, kẹ́ ẹ gba owó padà bó bá ṣì ṣe é gbà.

*

Olùkọ́ Inú Ilé:

Ọ̀rọ̀ kékeré kan. Ilé iṣẹ́ tó ni áàpù tí ọ̀rẹ́ mi kan ń lò kógbá wọlé. Ímeèlì kan ni wọ́n fi ránṣẹ́, ó bọ́ sínú àwọn ímeèlì ìpolówó, kò rí i. Iṣẹ́ ọmọ méjì bá a lọ.

Ohunkóhun tí ẹ bá ń lò, bí oṣù bá ti parí, ẹ gbé àkọsílẹ̀ náà jáde ní CSV (fáìlì tábìlì tí áàpù mìíràn lè ṣí) àti ní PDF. Áàpù tí kò bá ní bọ́tìnì ìgbéjáde, ẹ má sanwó rẹ̀. Ìwé tí ẹ bá yà ní fọ́tò, ẹ fi ọdún ṣáájú orúkọ rẹ̀, bí 2025-10-14 Kehinde isiro, fóldà á máa tò ó fúnra rẹ̀. Orúkọ fáìlì nìkan ni mo ti ń fi àmì ohùn sílẹ̀, kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n má wá mi wá.

*

Olùkọ́ Inú Ilé:

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkẹjà ní ìwé àwa ará Amẹ́ríkà ti pọ̀ jù, pé ọmọ òun á jókòó ṣe WAEC gẹ́gẹ́ bí olùṣèdánwò aládàáni, kò sẹ́ni tó máa béèrè fọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni, ilé ìwé ni WAEC ń béèrè máàkì iṣẹ́ inú kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, kò béèrè lọ́wọ́ olùṣèdánwò aládàáni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pinnu láti dá ọmọ padà sí JSS2, ọ̀gá ilé ìwé á ní kí lẹ ti kọ́ ọ. Ojú ewé kan tí ẹ tẹ̀ jáde á dín ariwo kù. Google Sheets ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù láìsí dátà bí ẹ bá ti fún un láyè ṣáájú, nítorí náà ẹ fi ọ̀rọ̀ iná sílẹ̀.

Ẹni tó wà ní Peckham ní London: abala 7 nínú Òfin Ẹ̀kọ́ ti 1996 kò fún yín ní iye wákàtí rárá. Ó ní kí ẹ̀kọ́ náà múná dóko, kó jẹ́ ti alákòókò kíkún, kó sì bá ọjọ́ orí, agbára àti ẹ̀bùn ọmọ mu. Bí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ bá kọ̀wé sí yín, ìjábọ̀ tó ṣe ṣókí látinú àkọsílẹ̀ bí èyí lọ̀pọ̀ òbí fi ń dáhùn.

*

Olùkọ́ Inú Ilé:

Ìyá Ìbejì padà wá, ó ní àyẹ̀wò kìíní ti sún mọ́lé, kí lòun máa gbé lọ.

Fóldà kan fún ọmọ kan. Ẹ fi páálí pín in sí mẹ́jọ, orúkọ ẹ̀kọ́ lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn páálí, àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ yẹn tí ẹ tẹ̀ jáde ló ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ sáà kan, ti àárín kan, ti ìparí kan. Ẹ má kó gbogbo ìwé ilé lọ. Ẹ fi èyí tó burú nínú ti ìbẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n rí ibi tí ọmọ ti bọ̀. Mo ti rí òbí tó ṣa kìkì 20 nínú 20, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sì bi í pé kí ló wá ń kọ́ ọmọ náà.

Ibi tó máa ń ṣófo ni orin àti ìlera. Ẹ ní àwọn ìbejì ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ Sunday yìí: ọjọ́, orúkọ orin, ìlù tí wọ́n lù, ohun tí olùkọ́ ìlù ní kí wọ́n lọ tún ṣe. Fún ìlera, eyín fífọ̀, oúnjẹ aṣaralóore, àti ibà tó gbé Táíwò dè yẹn fúnra rẹ̀: bí ẹ bá kọ́ ọ bí a ṣe ń ka ìwọ̀n-ìgbóná ara, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí wọ́n bá ní orí fídíò ni àyẹ̀wò máa wáyé, ẹ kọ síbí kó tó di Thursday. Màá fi bí ẹ ṣe máa pín fóldà Google Drive hàn yín, kí wọ́n lè wò ó láì lè tún un kọ.